Ta Ló Ya Igbó Yẹn? Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Àwòrán

  

Lẹ́tà kan dé sí wa lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú ló kọ ọ́. Ó bẹ̀ wá pé ká má dárúkọ òun, ká má sì dárúkọ àdúgbò òun. A gbà fún un. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ní kúkúrú rèé.

Ìyá yìí ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ọmọ náà kì í jalè, kì í mugbó, ó sì ń gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. Àmọ́ bó bá ti délé lálẹ́, ìdí fóònù ló ń gbà lọ, kátúùnù àwọn ará Jàpáànì ló ń wò. Bó bá wò ó tán, á mú ìwé àti pẹ́ńsù, á bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Ìyá ní: “Ká ní èèyàn ló ń yà ni, ǹ bá ní bóyá lọ́jọ́ kan àwọn olówó á pè é kó wá ya àwọn. Igi ló ń yà! Igi, koríko, kùrukùru, ojú ọ̀nà, òrùlé. Mo bi í pé èèyàn inú ẹ̀ dà, ó ní àwọn ẹlòmíì ló ń ya ìyẹn, pé ní Jàpáànì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Inú bí mi. Mo fa ewé mélòó kan ya nínú ìwé náà, mo fi wé ẹ̀pà fún oníbàárà. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ẹnì kan wà láyé yìí tó ń fi igi yíyà jẹun?”

Màmá, mo kí yín. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìdáhùn ìbéèrè yín ni pé ó wà. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀kan nínú wọn fún yín, kí ẹ̀yin fúnra yín wá ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi oyin nìkan ra yín lẹ́nu. Ewúro wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó sì tọ́ ọ wò.

AṢỌ Ẹ̀YÌN ILÉ ONÍFỌ́TÒ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ilé onífọ́tò ayé ọjọ́un. Bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ó rí aṣọ ńlá kan tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Wọ́n ti ya òdòdó sí i, wọ́n ti ya àtẹ̀gùn ilé olówó sí i, nígbà míì ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n yà. Ẹ ó tún gèlè yín ṣe, ẹ ó dúró níwájú aṣọ náà, onífọ́tò á ní kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí fọ́tò bá jáde, ojú yín nìkan ni gbogbo ẹbí ń wò. Ta ló ń bèèrè ẹni tó ya aṣọ ẹ̀yìn? Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ yọ aṣọ náà kúrò, kí ògiri tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ hàn síta, ẹ ó rí i pé fọ́tò ọ̀hún ò níyì mọ́.

Bí kátúùnù ṣe rí gan-an nìyẹn. Èèyàn ń sáré, ajá ń gbó, ọmọdé ń ké, àwọn la sì ń wò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dúró sí ńkọ́? Ilé tí wọ́n jáde wá, igbó tí wọ́n gbà kọjá, ojú ọ̀run tó ṣú dẹ̀dẹ̀ kí òjò tó rọ̀, ta ló ṣe é? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn ò ya èèyàn rárá. Ibi tí èèyàn máa dúró sí ni wọ́n ń yà.

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, kí kọ̀ǹpútà tó dé sídìí iṣẹ́ náà, orí ike kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni wọ́n ti ń ya èèyàn inú kátúùnù. Orí pépà ni wọ́n ti ń ya ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Wọ́n á gbé ike lé orí pépà, kámẹ́rà á yà á. Wọ́n á mú ike yẹn kúrò, wọ́n á gbé òmíì lé e níbi tí ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, kámẹ́rà á tún yà á. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá lójú wa nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, òun ló ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ń rìn lóòótọ́. Ike ń pààrọ̀, àwòrán ẹ̀yìn ń dúró bí òkè. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà máa gba ẹ̀yìn igi kọjá, wọ́n á ya igi náà lọ́tọ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ ẹ lé orí ike, kí igi lè bo ọmọ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ń rìn lọ lójú ọ̀nà tó gùn, wọ́n á ya ọ̀nà náà sórí pépà gígùn gbọọrọ, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ike.

Olùdarí fíìmù á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya bó ṣe fẹ́: ilé níbí, igi lọ́hùn-ún. Ọ̀gá àwọn ayàwòrán ẹ̀yìn á wá kun àpẹẹrẹ, á fi hàn bí àwọ̀ ṣe máa rí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ á pín in ṣe. Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, nítorí fíìmù kan ṣoṣo lè gba àwòrán ẹ̀yìn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ọ̀dà olómi tí wọ́n ń pè ní poster colour ni wọ́n fi ń ṣe é. Fún ojú ọ̀run, wọ́n sábà máa ń fi omi rin pépà ná, kí wọ́n tó fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ fa ọ̀dà lé e kó tó gbẹ. Wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ewé àti koríko. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé èèyàn mẹ́wàá lè ya igbó kan náà, àwòrán mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì gbọ́dọ̀ jọra bí ẹni pé ọwọ́ kan ló yà á. Ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ ti bá ara yín pín aṣọ ẹbí rán rí mọ ohun tí mò ń wí.

OGA LỌ́DỌ̀ Ọ̀GÁ

Ní ọdún 1952, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ìpínlẹ̀ Akita, ní àríwá ilẹ̀ Jàpáànì. Oko ìrẹsì ló pọ̀ níbẹ̀, bí ìgbà òtútù bá sì dé, òjò dídì funfun bí òwú á bo gbogbo ilẹ̀. Orúkọ ọmọ náà ni Kazuo, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Oga. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe pé èmi ni mò ń pè é lọ́gàá, orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn, àwọn ará Jàpáànì ò sì mọ ìtumọ̀ tí àwa ń fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Kí Oga tó di ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tó tó ẹni ogún ọdún, ó wọ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kobayashi Production. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shichiro Kobayashi ló dá a sílẹ̀ ní 1968. Ilé iṣẹ́ yìí kì í kọ ìtàn, kì í ya èèyàn. Àwòrán ẹ̀yìn nìkan ni tiwọn. Àwọn tó ń ṣe kátúùnù ló ń gbé iṣẹ́ wá fún wọn, bí télọ̀ ṣe máa ń gbé agbádá lọ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn rẹ̀. Kobayashi kú ní 2022, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ti tàn ká. Ọ̀kan nínú wọn, Hiromasa Ogura, ló ṣe ọ̀gá àwọn ayàwòrán ẹ̀yìn fún Ghost in the Shell ní 1995, fíìmù tí ìlú inú rẹ̀ kún fún ilé gogoro àti pátákó lóríṣiríṣi.

Oga ò gba ẹ̀yìn fèrèsé wọlé. Ó bá wọn ya ẹ̀yìn fíìmù àti kátúùnù tẹlifíṣọ̀n fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ, kó tó di pé wọ́n fi iṣẹ́ ńlá lé òun náà lọ́wọ́. Ní 1983, òun ni ọ̀gá àwọn ayàwòrán ẹ̀yìn fún fíìmù Barefoot Gen. Keiji Nakazawa ló kọ ìtàn yẹn, ohun tójú òun fúnra rẹ̀ rí ló sì fi kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Nakazawa nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ìlú Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá a lọ. Ẹ wo irú iṣẹ́ tó bọ́ sí Oga àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́: kí wọ́n ya ìlú kan láàárọ̀, tí oòrùn ń ràn, tí àwọn èèyàn ń jáde lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n sì tún ya ìlú kan náà nígbà tó ti di eérú. Ẹni tí ò bá mọ bí ìlú tó wà lálàáfíà ṣe rí, kò lè ya bó ṣe bàjẹ́.

IYẸ̀PẸ̀ DÚDÚ, IYẸ̀PẸ̀ PUPA

Kò pẹ́ sígbà náà, Hayao Miyazaki, olùdarí fíìmù nílé iṣẹ́ Studio Ghibli, ń wá ẹni tó máa bá òun ya ẹ̀yìn fíìmù tuntun kan. Oga ló mú. Orúkọ fíìmù náà ni My Neighbor Totoro, ó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1988.

Kò sí ogun nínú rẹ̀. Kò sí olè, kò sí ọ̀tá. Bàbá kan ló kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ sí ilé àtijọ́ kan lábúlé, nítorí pé ìyá wọn ń ṣàìsàn, ó sì wà lọ́sibítù nítòsí ibẹ̀. Igi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ẹ̀dá igbó kan tó sanra tó sì nírun lára ń gbé inú rẹ̀. Àwa tá a mọ̀ pé ìrókò ní olúwéré, ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà nínú ìtàn náà tí abiyamọ máa mọ̀ lára: ṣé ìyá máa bọ̀ wálé? Nígbà tí èyí àbúrò gbọ́ pé ara ìyá ò tún yá, ó gbé àgbàdo kan mọ́ àyà, ó dá nìkan forí lé ọ̀nà ọ́sibítù, ó sì sọnù. Gbogbo abúlé jáde wá a kiri.

Ẹ wá wò ó o. Bí igbó yẹn bá jẹ́ igbó irọ́, bí ojú ọ̀nà yẹn bá dà bí aṣọ títa, ẹ̀rù ọmọ tó sọnù ò lè bà wá. Ohun tó mú kí ọkàn ẹni tó ń wò ó máa mì ni pé ibẹ̀ jọ ibi tá a lè tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, oòrùn ti pọ́n lẹ́yìn igi, òjìji ti gùn lójú ọ̀nà, ọmọ ò sì tíì délé. Kò sí ẹni tó la ẹnu sọ fún wa pé alẹ́ ń lẹ́. Àwọ̀ ojú ọ̀run ló sọ ọ́.

Iṣẹ́ Oga nìyẹn. Ó sì ní ohun tó kọ́kọ́ ní láti kọ́. Agbègbè tí ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, Kanto ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ilẹ̀ tó yí Tokyo ká. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ pọ́n, ó ṣe bí ẹni pé ó pupa ó ṣe bí ẹni pé ó rí bíi kòkó, nítorí pé eérú òkè oníná ayé àtijọ́ ló di ilẹ̀ níbẹ̀. Oga ní tirẹ̀, ọmọ Akita ni, iyẹ̀pẹ̀ dúdú ni ojú rẹ̀ mọ̀ láti kékeré. Miyazaki, ọmọ Tokyo, ilẹ̀ pupa ló fẹ́ rí. Ẹlòmíì á ní kí ló kàn mí, iyẹ̀pẹ̀ ṣáà ni iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó wà lára àwọn òǹwòran á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ wa. Oga fi ilẹ̀ tó mọ̀ sílẹ̀, ó kọ́ ilẹ̀ tí kò mọ̀. Bó ṣe ṣe iyẹ̀pẹ̀ náà ló ṣe koríko. Kì í fa ọ̀dà àwọ̀ ewé lásán kó ní koríko nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú fíìmù yẹn, ẹ ó rí koríko oríṣiríṣi, ewé fífẹ̀ àti ewé tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń hù gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko.

Ọjọ́ kan náà tí Totoro jáde ni fíìmù mìíràn láti ilé iṣẹ́ yẹn jáde pẹ̀lú rẹ̀, Grave of the Fireflies, tó jẹ́ ìtàn ọmọ méjì tí ogun sọ di aláìníyàá. Ẹ̀yìn ti ìyẹn, Nizo Yamamoto ló ṣe ọ̀gá rẹ̀, ọmọ erékùṣù Goto ní Nagasaki. Yamamoto mọ kùrukùru yà débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú kùrukùru tó ń yà. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Èrò tó lọ wo fíìmù méjèèjì ní ilé sinimá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ò pọ̀ rárá. Ẹ̀yìn náà ni gbogbo ayé tó mọ Totoro. Lónìí, àwòrán ẹ̀dá igbó yẹn ni àmì ilé iṣẹ́ Ghibli. Ohun kan sì tún ṣẹlẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Òkè Sayama wà láàárín Tokyo àti ìpínlẹ̀ Saitama, ó wà lára ibi tí wọ́n wò kí wọ́n tó ya fíìmù náà. Àwọn tó ń kọ́lé ti ń gé igbó ibẹ̀ tà. Ní 1990, àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ lórúkọ Totoro láti ra igbó náà, kí wọ́n má bàa gé e mọ́. Ní 1991, wọ́n ra ilẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń rà á lọ láti ìgbà náà. Ẹ gbọ́ o: igbó orí pépà wà lára ohun tó gba igbó orí ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àdá.

IṢẸ́ TÓ TẸ̀ LÉ E

Oga ò jókòó ti ìyìn Totoro. Ní 1991, ó bá Isao Takahata ṣe Only Yesterday, ìtàn obìnrin Tokyo kan tó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ oko ní Yamagata, tó sì ń rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ wù mí. Bí obìnrin náà bá wà lóko, gbogbo nǹkan hàn kedere, títí dórí ewé. Bó bá ń rántí ìgbà èwe, àwọ̀ á ṣá díẹ̀, etí àwòrán á sì wà ní funfun láìkùn. Ṣé bí ìrántí ṣe rí kọ́ nìyẹn? Àárín rẹ̀ ni èèyàn ń rántí, etí rẹ̀ ti parẹ́.

Ní 1997, Oga jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀gá ayàwòrán ẹ̀yìn márùn-ún fún Princess Mononoke, Yamamoto náà sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ wo igbó. Àwọn kan lọ sí erékùṣù Yakushima ní gúúsù. Oga lọ sí òkè Shirakami, láàárín Akita àti Aomori, ní ìhà ilé rẹ̀. Ní 2013, òun ló tún ṣe ọ̀gá fún The Tale of the Princess Kaguya, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ló gbà ṣe ìyẹn. Kò kun pépà kún. Ọ̀dà fífúyẹ́ ló fi ṣe é, ó sì fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ ní funfun. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí gbogbo ayé ti mọ̀ sí koríko tó kún dẹ́múdẹ́mú, ló tún kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ láìyà.

Ní 2007, wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ sí ilé àwòrán ńlá kan ní Tokyo. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè é lórí pátákó àfihàn náà. Wọn ò pè é ní ọ̀mọ̀wé, wọn ò pè é ní gbajúmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni èyí tí wọ́n ń lò fún kápẹ́ńtà, alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ dójú àmì: shokunin, ìyẹn oníṣẹ́ ọwọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ àwòrán, ẹni tó ya igbó Totoro. Láti ìgbà tó ti wọṣẹ́ títí di ọjọ́ yẹn jẹ́ nǹkan bí ọdún márùndínlógójì.

EWÚRO INÚ RẸ̀

Màmá, mo ṣèlérí ewúro. Òun rèé.

Àkọ́kọ́, owó ibẹ̀ ò pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kátúùnù ní Jàpáànì gbé ìwádìí kan jáde ní 2015. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ya ìgbésẹ̀ èèyàn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ń gba nǹkan bíi 1.1 mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì lọ́dún. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá pín owó gbogbo oníṣẹ́ dọ́gba, 3.3 mílíọ̀nù ló bọ́ sí. Iye àwòrán tí ẹlòmíì bá yà ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ránṣọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo sọ yìí, ti àwọn tó ń ya èèyàn ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé iṣẹ́ kátúùnù, kó mọ irú ilé tó fẹ́ wọ̀.

Èkejì, kọ̀ǹpútà ti wọ ibẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni ike ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, lónìí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ẹ̀yìn ni kò fọwọ́ kan ọ̀dà rárá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Fíìmù Miyazaki tó jáde ní 2023, The Boy and the Heron, ọwọ́ ni wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà ní 2024.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Netflix ní Jàpáànì gbé fíìmù kékeré kan jáde, ìtàn ọmọdékùnrin kan àti ajá rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò fún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní nítorí pé òṣìṣẹ́ ò tó mọ́ ni àwọn fi dán an wò. Nígbà tí fíìmù parí, tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ń kọjá, ibi tó yẹ kí orúkọ ayàwòrán ẹ̀yìn wà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ni, wọ́n wá fi kún un nínú àkámọ́ pé “àti èèyàn”. Èèyàn wo? Wọn ò dárúkọ. Ẹni náà jókòó, ó tún iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe, ó fojú ṣọ́ ọ, ó fọwọ́ ṣe é, wọ́n ní “èèyàn”. Àwọn ayàwòrán fárí gá, ẹnu sì kun Netflix gan-an.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànì nìkan nìyẹn. Orúkọ ni oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń jẹun lọ́la. Bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún yín lónìí, tí wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ìdajì owó yín ló wà lọ́wọ́ wọn.

MÀMÁ, OHUN TÍ MO RÍ RÈÉ

Ó wà o, ẹni tó ń fi igi yíyà jẹun. Ó tiẹ̀ wà, ẹni tó fi igi yíyà di àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ pàtẹ fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó jáde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín parí iṣẹ́ kápẹ́ńtà tó ń kọ́. Ẹni tó mọ bí igi ṣe ń là, tó mọ bí òrùlé ṣe ń dúró, á mọ̀ ọ́n yà ju ẹni tí kò mọ̀ lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kó máa yàwòrán rẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé kó yé ya igbó Jàpáànì láti inú fóònù. Oga lọ wo iyẹ̀pẹ̀ ibi tó fẹ́ yà. Kí ọmọ yín náà jáde síta, kó wo ilẹ̀ àdúgbò yín, kó wo bí páànù ṣe ń dípẹtà, kó wo àwọ̀ ojú ọ̀run nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀ lórí ọjà. Bó bá ya ìyẹn tó sì jọ ọ́ débi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìdí àtẹ lè tọ́ka sí i pé “ibí yìí ni mo máa ń jókòó sí”, iṣẹ́ ti ń wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Kó máa bá àwọn tó ń kọ pátákó ṣeré lójọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà.

Ní ti ìwé tẹ́ ẹ fà ya, ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ ra ìwé tuntun, èyí tí pépà rẹ̀ nípọn díẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí i, ẹ fọwọ́ ara yín gbé e fún un. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀, abiyamọ tó bẹ ọmọ rẹ̀ ò kéré. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ gbogbo àwòrán tó bá yà, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó kù, ẹ jọ̀wọ́, bẹ́ ẹ bá wo sinimá tán, ẹ má tètè dìde. Ẹ dúró díẹ̀ kí orúkọ àwọn tó ṣe é kọjá. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n kà tán, ṣùgbọ́n ẹ dúró.

Màmá, ẹ kọ̀wé sí wa kẹ́ ẹ sọ bó ṣe lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ tó ń ṣe ohun tí kò yé òbí, kí òun náà kọ̀wé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.